Ọjọ́ Tí Mo Lé Aṣọ́bodè Iná Kúrò Lẹ́nu Iṣẹ́

Ọjọ́ kan wà tí kò lè tán lọ́kàn mi, bí mo tilẹ̀ gbàgbé orúkọ ara mi: ọjọ́ tí èmi, opó tí ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, lóyún tòlótòló láti Ìjerò dé Aramọkọ. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ìtìjú náà ti gbéra.

Èmi kì í ṣe aláriwo. Bí a bá ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, ètè mi nìkan ló máa ń mọ̀ pé mò ń kọ ọ́. Ohun tí àwọn ènìyàn mọ̀ mí mọ́ ni pé n kò fẹ́ àṣìṣe. Bí mo bá ká aṣọ, etí rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá etí mu. Ìwà yìí ló sì gbà mí nínú iṣẹ́ mi, nítorí ẹyin àwọn ènìyàn ni mò ń bá wọn sọ di ọmọ. Mo ní ẹ̀rọ ìsàba kan, àpótí pákó tí ó ń mú ẹyin móoru bí ìyá adìẹ ṣe ń mú un móoru. Adìẹ onípákó ni àwọn ará àdúgbò ń pè é.

Àbúrò ọkọ mi ló kàn án fún mi. Aramọkọ ló ń gbé, iná sólà ló sì ń so mọ́ ilé fún àwọn ènìyàn. Mo jù ú lọ lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n òun ló ti wà nínú ilé kí n tó wọ̀ ọ́, ìyàwó kì í sì í pe irú wọn lórúkọ. Nígbà tí ó wà lọ́mọdé, mo sọ ọ́ ní Mọ̀nàmọ́ná nítorí eré tí ó máa ń sá. N kò mọ̀ pé iṣẹ́ iná ló ń bọ̀ wá ṣe. Bí mo bá ń bá a sọ̀rọ̀ lójúkojú, "ọkọ mi" ni mo ń pè é. Ọkọ tí ó fẹ́ mi gan-an ti lọ sinmi, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò yí ọ̀rọ̀ náà padà.

Ọ̀nà méjì ni iná ń gbà wọ inú àpótí mi: iná ìjọba nígbà tí ó bá dé, àti bátìrì tí oòrùn ń rọ iná sí nígbà tí ti ìjọba bá lọ. Mọ̀nàmọ́ná de pátákó kékeré kan mọ́ ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, kò fẹ̀ ju ìka méjì lọ. Ó ní dáyóòdù ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú ti àtijọ́.

"Ìyàwó wa," ó wí fún mi, "aṣọ́bodè ni èyí. Ó ń jẹ́ kí iná jáde láti inú bátìrì lọ sínú ẹ̀rọ, kì í jẹ́ kí ó gba ibẹ̀ padà. Bí iná ìjọba bá ga ju ti bátìrì lọ, ti bátìrì á ti ilẹ̀kùn rẹ̀ kí wọ́n má baà ya lu ara wọn. Aṣọ́bodè àtijọ́ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó ń gba ẹ̀gúnjẹ. Iná tí ó bá kọjá, á bù díẹ̀ nínú rẹ̀, á fi yáná. Eléyìí ní ọpọlọ tirẹ̀. Ọpọlọ yẹn ló ń ṣọ́ ibi tí iná kọrí sí, òun ló ń sọ fún ilẹ̀kùn pé kí ó ṣí tàbí kí ó tì. Ohun tí ó ń gbà lọ́wọ́ iná kò tó nǹkan."

"Aṣọ́bodè tí kì í gba ẹ̀gúnjẹ?" ni mo bi í. "Ní ilẹ̀ wa níbí?"

"Òkè òkun ni wọ́n ti kó o wá."

Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ó wá fi kún un pé bí mo bá ṣèèṣì de bátìrì sódì, aṣọ́bodè náà kò ní ṣí rárá. "Bí ó bá kọ̀, ẹ má bá a jà. Ó ní ohun tí ó rí." Mo mi orí bí ẹni tí ó gbọ́. Mo gbọ́ lóòótọ́. N kò kàn mọ ibi tí mo gbé etí náà sí lọ́jọ́ tí ó yẹ kí n lò ó.

Nígbà tí ó yá ni ọkọ̀ pa tòlótòló Ìyá Erìjìyàn. Ìyá àgbà kan nìyí tí ilé rẹ̀ kọjú sí tèmi. Erìjìyàn ni wọ́n ti gbé e níyàwó wá sí Ìjerò, orúkọ ìlú náà ló sì di orúkọ rẹ̀. Kò ní ẹran ọ̀sìn mìíràn ju tòlótòló yẹn lọ. Orí ẹyin ni tòlótòló ti dìde láti wá nǹkan jẹ, tí ó sáré kọjá títì, tí kò sì padà mọ́. Ìyá kó ẹyin náà sínú ìró rẹ̀, ó sì gbé wọn wá bá mi bí wọ́n ṣe gbóná.

"Ọmọ òrukàn ni wọ́n," ni ó wí. "Mo gbé wọn lé ọ lọ́wọ́. Má jẹ́ kí wọ́n kú."

Méjìlá ni wọ́n. Mo ṣèlérí fún un. Láti ọjọ́ náà, òwúrọ̀ kan kò mọ́ kí Ìyá má wá sí ilé mi, kí ó kan àpótí náà bí ẹni ń kanlẹ̀kùn, kí ó sì kí àwọn ẹyin pé, "Ẹ kú ulé o, ẹ̀yin ọmọ mi." Lẹ́yìn náà á fi etí lélẹ̀ bí ẹni pé wọ́n máa dá a lóhùn.

Ó wá ku díẹ̀ kí wọ́n pa. Iná ìjọba ti lọ láti àná, bátìrì ló ń ṣiṣẹ́. Ní òwúrọ̀ yẹn mo rí ìyẹ̀fun funfun kan tí ó hù sí orí bátìrì bí èéhù. Ẹlòmíràn á fi í sílẹ̀ títí ẹyin á fi pa. Ṣùgbọ́n èmi tí n kò fẹ́ ìdọ̀tí, mo tú wáyà méjèèjì, mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbo orí bátìrì, mo nù ún títí ó fi ń dán. Inú mi dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ mi. Ìgbà tí mo fẹ́ dá wáyà padà ni mo rí i pé n kò ṣe àmì sí èyíkéyìí nínú wọn.

Ọ̀kan nínú wáyà náà jọ ìyeyè tí ó pọ́n, èkejì jọ obì. Mo pe Mọ̀nàmọ́ná. Orí òrùlé ló wà, atẹ́gùn ń gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

"Ọkọ mi, wáyà wo ló ń lọ sí orí wo?"

"Pupa sí àmì àròpọ̀!"

"Ẹ tún un sọ."

"Pupa! Pupa ní àròpọ̀, èkejì ní àyọkúrò!" Ìpè náà sì já.

Ìyá Erìjìyàn ti dé ní tirẹ̀, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ó na ìka sí wáyà aláwọ̀ ìyeyè. "Òun nìyẹn. Pupa nìyẹn."

"Rárá, Ìyá. Ìyeyè nìyẹn."

"Ìyeyè náà ńkọ́? Ṣé dúdú ni?"

"Kì í ṣe dúdú, Ìyá, ṣùgbọ́n—"

"Ṣé funfun ni?"

"Kì í ṣe funfun."

"Ó wá ku kí ni? Ìyàwó tíṣà tí gbogbo wa ń pè ní Pupa, ṣé ata rodo ló jọ ni?"

Mo rẹ́rìn-ín músẹ́, irú ẹ̀rín tí ẹni tí ó parí ilé-ìwé gíga máa ń rín sí ẹni tí kò lọ. Mo ṣàlàyé fún un pé àwọ̀ méje ni wọ́n kọ́ wa nínú òṣùmàrè, pé ìyeyè dá dúró ní tirẹ̀, àti pé obì ló sún mọ́ pupa jù. Ó ní, "Ó dáa, ọmọ ìwé." Mo de wáyà obì mọ́ àròpọ̀, mo de ìyeyè mọ́ àyọkúrò. Mo fún wọn pinpin.

Ẹ̀rọ kò dún. Fáànù inú rẹ̀ kò yí. Mo tú wáyà, mo tún un dè. Mo fi ìka kan aṣọ́bodè lórí díẹ̀díẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́, mo sì tún bú u. Ó dúró bí ẹni tí wọ́n ní kí ó má dá àlejò lóhùn. Mo pe Mọ̀nàmọ́ná, kò wọlé. Mo tún pè é, obìnrin inú fóònù ní kí n gbìyànjú nígbà mìíràn. Ooru inú àpótí ti ń lọ sílẹ̀, Ìyá sì ti ń bi mí pé, "Ṣé kò sí wàhálà o?"

Bí ìgbéraga ṣe ń wọ ènìyàn nìyẹn, kì í kanlẹ̀kùn. N kò sọ pé, bóyá èmi ni mo ṣe é sódì. Èmi kì í ṣe nǹkan sódì. Mo ní aṣọ́bodè ló ti kú. Mo mú tẹ́sítà, mo wá àjákù wáyà kan, mo fi so apá ọ̀tún pátákó náà mọ́ apá òsì, kí iná gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Ká kúkú sọ pé mo lé e lẹ́nu iṣẹ́, mo sì ṣí bodè sílẹ̀ gbayawu.

Iná kọjá lóòótọ́. Ohun kan dún "kíìì" nínú àpótí, nọ́ńbà tí ó ń sọ bí ooru ṣe tó kò yọjú, èéfín sì yọ láti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ń rùn bí kóòmù tí ó bọ́ sínú iná.

"Ṣé ó ti ń ṣiṣẹ́?" Ìyá béèrè.

"Ó... ó ti gba iná, Ìyá."

"Kí ló dé tí ó ń mu sìgá?"

Mo já wáyà kúrò lórí bátìrì. Ẹ̀rọ tí ń wọn ooru ti jó, fáànù ti jó. Ìgbà náà ni fóònù Mọ̀nàmọ́ná wá wọlé. N kò lè sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mo kàn ní ẹ̀rọ ti kú. Ó ní òun kan ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀rẹ́ òun kan ní Aramọkọ, ó ń ṣiṣẹ́, kí n tètè máa kó ẹyin bọ̀, kí n sì yọ pátákó náà dání. "Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí òtútù mú wọn!"

Mo ti ń to ẹyin sínú agbọ̀n pẹ̀lú aṣọ nígbà tí Ìyá gbà wọ́n lọ́wọ́ mi. "Aṣọ kì í mú nǹkan gbóná, ara ní í mú un gbóná," ni ó wí. Ó ní kí n gbé apá sókè. Ó fi aṣọ rírọ̀ wé wọn, ó tò wọ́n yí ikùn mi ká, ó fi ọ̀já dè wọ́n pa, ó sì mú mi wọ gáùn gbàgẹ̀rẹ̀ lé e lórí. Nígbà tí ó parí, ó sún sẹ́yìn, ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Oṣù mẹ́jọ," ni ó wí. Lẹ́yìn náà ni omi lé sí i lójú. "Má ṣubú o, ọmọ mi."

N kò lè gun ọ̀kadà nítorí kòtò, ni mo bá lọ wọ bọ́ọ̀sì. Bí dírẹ́bà ṣe rí mi, ó ké pé, "Ẹ sún o, ẹ jẹ́ kí aláboyún jókòó síwájú!" Ó yẹ kí n sọ òótọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjókòó iwájú kì í jó bíi ti ẹ̀yìn, mo sì ń ronú ẹyin. Mo dákẹ́, mo jókòó. Mo ń dúpẹ́ pé kò sí ẹni tí ó mọ̀ mí nígbà tí Màmá Ṣadé wọlé sẹ́yìn mi gan-an. Akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ni.

"Ẹ káàárọ̀, Arábìnrin," ni ó wí tẹ̀ríntẹ̀rín. Ojú rẹ̀ wá bọ́ sí ikùn mi. Ẹ̀rín náà dúró sójú kan, kò mọ ibi tí yóò lọ. "Ẹ... ẹ kú ìrìn o."

A gbéra. A kò tíì jìnnà nígbà tí fóònù mi dún. Ẹ́ńjìnnì bọ́ọ̀sì ń hó, èmi tí n kì í pariwo ní láti pariwo.

"Ọkọ mi! Mo ti wà lọ́nà! ... Bẹ́ẹ̀ ni, ara mi ni wọ́n wà! ... Wọ́n ṣì gbóná! Ọ̀kan tilẹ̀ ń mira! ... Rárá o, n kò sọ fún ará ṣọ́ọ̀ṣì kankan!"

Nígbà tí mo sọ fóònù kalẹ̀, mo gbọ́ tí Màmá Ṣadé ń sọ fún ẹnì kan lẹ́yìn mi wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé, "Ọkọ wo? Ojú mi ni wọ́n ṣe sin ọkọ rẹ̀."

"Ó ní 'wọ́n'," ni ẹni náà fèsì. "Ìbejì ni o."

"Ọlọ́run tí ó ṣe é fún Sárà," obìnrin mìíràn bẹ̀rẹ̀.

"Sárà ní ọkọ nílé," ni Màmá Ṣadé wí.

Mo fẹ́ yíjú padà kí n ṣàlàyé. Mo la ẹnu. Ibi tí mo ti la ẹnu ni ikùn mi ti sọ̀rọ̀: "Pìì."

Dírẹ́bà wò mí. "Kí nìyẹn?"

"Fóònù mi ni," ni mo wí. Irọ́ pọ́ńbélé.

"Pìì, pìì, pìì."

"Ẹ gbé e nígbà náà, Màmá."

Kí ni n bá ṣe? Mo gbé fóònù sétí, mo ní, "Hẹ̀lóò?" Bí mo ṣe ń sọ hẹ̀lóò yẹn ni ikùn mi ń dá mi lóhùn lábẹ́ aṣọ. Ọkùnrin kan lẹ́yìn ní, "Ẹ̀jẹ̀ Jésù." Ṣáká ni mo wá gbọ́ tí èèpo ẹyin kan là, ohun tútù kan sì fi èékánná ha mí lẹ́bàá ìdodo. N kò mọ ìgbà tí mo fi gbogbo ohùn mi ké: "Yéè! Ó ti ń jáde o!"

Dírẹ́bà tẹ búréèkì, ó yà sẹ́bàá oko kòkó kan. Ẹ ò rí àwọn obìnrin! Wọ́n bọ́ sílẹ̀, wọ́n tẹ́ ìró sórí koríko, wọ́n gbé mi lé e. Màmá Ṣadé gan-an ló bọ́ síwájú. Ó pàṣẹ pé kí gbogbo ọkùnrin kọ ẹ̀yìn sí wa. Ó di ọwọ́ mi mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí gbàdúrà kíkan-kíkan pé ohun tí ó wù kí ó ṣẹlẹ̀, Olúwa kì í kọ ọmọ sílẹ̀. Mo ń wí pé, "Màmá, kì í ṣe, kì í ṣe..." Ó ní kí n má sọ̀rọ̀, kí n máa mí.

Èmi fúnra mi ni mo tú gáùn náà. Orí kékeré kan tí ó tutù, tí ó pá, tí ó ní ẹnu ṣóńṣó, yọ jáde láti inú ọ̀já. Ó wo Màmá Ṣadé.

Àdúrà dúró. Dírẹ́bà, ẹni tí kò yẹ kí ó bojú wẹ̀yìn, ló kọ́kọ́ rí ohùn rẹ̀. "Akọ ni àbí abo?"

Ẹ̀rín tí ó bẹ́ nínú oko kòkó yẹn, mo rò pé wọ́n gbọ́ ọ dé Ẹ̀fọ̀n. Àwọn kan jókòó sílẹ̀. Ọkùnrin tí ó pe ẹ̀jẹ̀ Jésù di igi mú. Èmi nìkan ni n kò lè rẹ́rìn-ín. Ká ní ilẹ̀ lẹ́nu ni, ǹ bá ní kí ó gbé mi mì pẹ̀lú ọ̀já àti ẹyin. Màmá Ṣadé rẹ́rìn-ín títí ó fi sunkún. Lẹ́yìn náà ó tú gèlè orí rẹ̀, ó fi wé ọmọ tòlótòló náà, ó sì gbé e sí àyà títí a fi dé Aramọkọ. Kò sọ pé kí n ṣàlàyé. Ìyẹn tún dójú tì mí sí i.

Mọ̀nàmọ́ná ti ń dúró. A to ẹyin sínú ẹ̀rọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kí ó tó gba pátákó lọ́wọ́ mi.

"Wáyà wo lẹ fi sí àròpọ̀?"

"Pupa."

"Pupa wo?"

"Èyí tí ó jọ obì."

Ó fi ọwọ́ bojú. Wáyà pupa ti tán lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tí ó ṣe é, ìyeyè ló fi rọ́pò, ìyeyè ló sì ń pè ní pupa látìgbà náà, gẹ́gẹ́ bí Ìyá Erìjìyàn ṣe pè é. Ó tọrọ àforíjì. Mo ti fẹ́ rọ̀ mọ́ àforíjì náà kí ọkàn mi balẹ̀, ṣùgbọ́n ó tú àjákù wáyà mi kúrò lára pátákó, ó so pátákó náà mọ́ bátìrì tirẹ̀, gílóòbù kékeré kan sì tàn. Ó yí orí bátìrì padà, gílóòbù kú. Ó tún un ṣe, ó tàn.

"Kò kú, ìyàwó wa. Kò kú rárá. Ó rí i pé ẹ gbé e sódì ni, ó sì tilẹ̀kùn. Ká ní ẹ fi í sílẹ̀, ohunkóhun kò ní jó."

Gbogbo ìgbà tí mo ń bú u, èmi ló ń gbà sílẹ̀.

Mẹ́wàá pa. Méjì kò là. Mo kó gbogbo wọn padà fún Ìyá Erìjìyàn, mo kúnlẹ̀, mo sọ fún un bí ó ṣe rí gan-an, láti orí àwọ̀ méje inú òṣùmàrè títí dé orí àjákù wáyà. Mo ń retí kí ó bú mi. Ó kó méjì tí kò là, ó gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná níbi tí ìyá wọn máa ń sàba sí, ó sin wọ́n síbẹ̀. Ó wá gbọnwọ́ nù. "Mẹ́wàá pọ̀," ni ó wí, ó sì lọ gbọ́n omi fún àwọn tí ó kù. Títí di òní, bí mo bá rántí ọ̀rọ̀ méjì yẹn, mo máa ń wo ilẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò pọ̀. Bí nǹkan kan bá kọ̀ fún mi nísinsìnyí, ìbáà ṣe ẹ̀rọ, ìbáà ṣe ọmọ ènìyàn, ọwọ́ tèmi ni mo ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí n tó sọ pé òun ló bàjẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní pupa, mo ń ní kí ó bá mi fi ìka kàn án.

Àwọn tòlótòló náà ti dàgbà báyìí. Èyí tí wọ́n bí sí oko kòkó kò gbà pé èmi kọ́ ni ìyá òun. Bí mo bá ti jáde, ó ti tẹ̀lé mi nìyẹn, ó sì ti bá mi dé ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀mejì tí Màmá Ṣadé ń sún fún un pé kí ó rí àyè jókòó. Bí mo bá sì kọjá ní ibùdókọ̀, dírẹ́bà yẹn á na ọrùn síta, á pariwo kí gbogbo ọjà lè gbọ́: "Ìyá Ìkókó! Ọmọ ńkọ́?"

Tẹ́lẹ̀, mo máa ń fi gèlè bojú sáré kọjá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo dúró. Mo ní, "Ó wà dáadáa, ó ní kí n kí yín. Akọ ni."

Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rín kan ti bọ́ lẹ́nu mi kí n tó rí i dì mú.